ÀÌFÌDÍMÚLẸ̀: ÌṢÒRO KAN NÍNÚ GBÍGBÉ ÌLÚ ŃLÁ, PẸ̀LÚ ÀPẸẸRẸ LÁTI ÌWÁYÀ

Ìfáárà

Bí a bá ní kí àwa tí a ń gbé Èkó ka ìṣòro ìlú ńlá lẹ́sẹẹsẹ, kò sí ẹni tí kò ní rí tirẹ̀ wí. Awakọ̀ yóò sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, oníṣòwò yóò sọ ti olè àti ọmọ ìta, abiyamọ yóò sọ ti ariwo àti òórùn, àgbàlagbà yóò sì sọ pé àwọn ọmọ kì í kí ènìyàn mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíka nǹkan sílẹ̀ báyìí kò tíì di àlàyé, nítorí pé àwọn ìṣòro tí a kà wọ̀nyí kì í bá gbogbo ará ìlú lọ́nà kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń bá olówó nínú ọkọ̀ tí ó tutù nini. Ó ń bá àwọn ẹlòmíràn níbi tí wọ́n há mọ́ ara wọn nínú dánfó, tí wọ́n sì ń ro iye tí ọ̀gá yóò yọ nínú owó oṣù wọn nítorí pípẹ́ lẹ́yìn.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìṣòro kan wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo àwọn tí a dárúkọ yìí, tí a kì í sábà pe orúkọ rẹ̀. Òun ni àìfìdímúlẹ̀. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ẹni tí kò ní dúkìá ní ìlú ńlá lè fi ogún ọdún ṣe làálàá, kí ó má sì ní ohun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ilẹ̀, omi, yàrá tàbí aládùúgbò, tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀.

Ìwáyà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò náà wà ní etí ọ̀sà, ní agbègbè Yábàá, Mákòkó ni ó fi ẹ̀gbẹ́ kan tì, Oníkẹ àti Akọ́kà kò sì jìnnà sí i. Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà nínú yàrá ìpàdé yìí ni a ti gba yàrá níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ yìí ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún oyè kejì. Nítorí náà, ohun tí a fi ojú rí pọ̀ nínú ohun tí a ó sọ, kì í ṣe ohun tí a kà nìkan.

Títóbi ìlú kọ́ ni ẹ̀bi wà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú àṣìrò kan kúrò. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé abúlé ni gbogbo Yorùbá ń gbé kí ọ̀làjú tó dé, àti pé ìlú ńlá ni ó ba ayé wọn jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. William Bascom kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1955, Akin Mabogunje náà sì ṣe àlàyé tí ó jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1968 lórí ìlú ńlá ní Nàìjíríà: Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá kí ìjọba amúnisìn tó dé. Ìbàdàn kò dúró de Òyìnbó kí ó tó kún.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Inú agboolé ni ọmọ ìlú ń gbé. Àlejò kì í fi owó nìkan wá àyè. Ó ń fi ara ti ènìyàn ni. Baálé kan yóò gbà á, yóò fún un ní igun kan kọ́ ilé sí àti ilẹ̀ tí yóò fi dáko, òun náà yóò sì máa bu iyì fún ẹni tí ó gbà á, yóò máa bá wọn náwó, yóò máa bá wọn ṣọ̀fọ̀. A kò sọ pé ètò yìí kò ní àbùkù. Ìwọ̀fà wà nínú rẹ̀, ẹrú wà nínú rẹ̀, ojú àlejò ni a sì fi ń wo ọmọ àlejò títí di ìran kẹta. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ẹnìkan tí ó tì, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Èkó tí a mọ̀ lónìí kò lè gba ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9; ìjọba ìpínlẹ̀ ní ó ti lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹ wo bí ó ti rí: àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 8 wà láàrin ìjọba méjì, tí ọ̀kan ń sọ pé wọ́n wà, tí èkejì ń sọ pé wọn kò sí.

Ilẹ̀

Lójú ẹni tí ń gbé Ìwáyà, ọ̀nà méjì ni àdúgbò náà pín sí. Apá kan wà lókè, ní tòsí títì, níbi tí àwọn ilé búlọ́ọ̀kù, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláásí wà. Apá kejì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ pọ̀ sí, tí àwọn ọkùnrin ń pẹja, tí àwọn obìnrin ń yan án, tí ilé pákó sì dúró lórí òpó. Láàrin méjèèjì ni ilẹ̀ kẹta wà, èyí tí a fi ọwọ́ ṣe.

Bí a ti ń ṣe ilẹ̀ náà nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé sí àbàtà yóò kọ́kọ́ fi pákó sé ibi tí ó fẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ra ìdọ̀tí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yà yín lẹ́nu: ìdọ̀tí tí ọlọ́mọlanke gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan lókè láti bá a dà nù, òun náà ni ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ tún san owó lé lórí kí ó lè dà á sí iwájú ilé òun. Bí ìdọ̀tí bá ti ga díẹ̀, yóò da lẹ́búlẹ́bú pákó lé e. Ìtòsí kò jẹ́ kí èyí wọ́n rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi la gẹdú ní etí ọ̀sà yìí kan náà, ní Oko-Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Iyanrìn ni ó ń kẹ́yìn, bí agbára bá ká a.

Ilẹ̀ yìí kì í dúró. Ìdọ̀tí ń jẹrà, lẹ́búlẹ́bú pákó ń jẹrà, bí wọ́n sì ti ń jẹrà ni ilẹ̀ ń rì. Láàrin ọdún díẹ̀, ilé yóò ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀kùn kò ní sé mọ́, omi òjò yóò sì padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni náà yóò tún ra ìdọ̀tí. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá rówó ju tirẹ̀ lọ tí ó sì gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga, omi tí ó lé kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀ yóò kọjá sí ilé ẹni tí kò rówó. Báyìí ni ìtọ́jú ilé ṣe di ìjà láàrin ẹni àti ẹni, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní èrò ibi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ apá òkè sílẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ilé tí a ń gbé, àtẹ̀gùn kan ni a máa ń gùn láti ojú ọ̀nà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti da yanrìn àti òkúta sí ojú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe ni a ń sọ̀ kalẹ̀ wọlé báyìí. Ní ọdún kejì wa níbẹ̀, omíyalé bá wa lójú oorun, àwọn ìwé tí a kó jọ fún ìwádìí, tí a tò sí abẹ́ ibùsùn, sì di ẹ̀kọ. Olùkọ́ tí ó béèrè ìdí tí orí kejì iṣẹ́ wa fi pẹ́ nígbà náà ti wá gbọ́ ìdí rẹ̀ lónìí.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tí ó kọ́lé sórí omi ni ó fa ìyà sí ara wọn. Kí a tó gba èyí, ẹ jẹ́ kí a wo Ganvié lórí adágún Nokoué nítòsí Kùtọnu. Àwọn Tòfín tí ń gbé ibẹ̀ kò jìnnà sí àwọn Ẹ̀gùn ní èdè àti ní àṣà. Ìtàn wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn sá lọ sórí omi nítorí àwọn tí ń kó ẹrú. Ilé orí òpó ni tiwọn náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wà lọ sí ọjà, iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ń ṣe. Ìjọba Benin ti fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO láti 1996 gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó yẹ kí a dáàbò bò, àwọn àlejò sì ń san owó láti wò ó. Kì í ṣe pé ìgbé ayé ibẹ̀ rọrùn, wọ́n ní ìṣòro omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn. Ohun tí a ń sọ ni pé irú ilé kan náà ni à ń pè ní ogún àjogúnbá ní Ganvié, tí a ń pè ní ẹ̀gbin ní Èkó. Kì í ṣe òpó tí ó wà nínú omi ni ó yàtọ̀, bí kò ṣe iye owó tí ilẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ń pa.

Omi

Etí ọ̀sà ni Ìwáyà wà, síbẹ̀ omi rírà ni omi ibẹ̀. Kànga tí a bá gbẹ́ ní ìsàlẹ̀ ń pọn omi oníyọ̀, bí kò bá níyọ̀, a kò lè fọkàn tán an, nítorí pé ṣáláńgá àti kànga kì í jìnnà síra.

Ìtàn omi Èkó ní ohun kan tí ó yẹ kí a ronú sí. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó tí ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó rẹ̀, àwọn ará Èkó yarí. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, pé àwọn Òyìnbó ni ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ. Ní ọdún yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ṣáájú ìjà náà. Síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi Ìjù ní 1910, owó omi náà sì wá di dandan nígbẹ̀yìn. Àwọn tí ó jà nígbà yẹn ń jà nítorí pé wọn kò fẹ́ san owó omi ẹ̀rọ. Àwọn tí ó wà ní etí ọ̀sà Ìwáyà lónìí ń san owó, omi ẹ̀rọ náà ni wọn kò rí.

Bí wọ́n ti ń san án ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ ní ibi tí ó dára yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé táńkì sókè, omi yóò sì máa wọ ilé. Ẹni tí ń gbé yàrá kan kò lè gbẹ́ kànga sí ilé onílé. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà tàbí lẹ́nu ẹ̀rọ aládùúgbò. Ní orí omi, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e wá. Bí a bá wá ṣírò rẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, owó tí aláìní ń san lórí ìwọ̀n omi kan náà pọ̀ ju ti ọlọ́rọ̀ lọ, kì í sì í parí, nítorí kò ra ohunkóhun tí yóò dúró. Bí iná ìjọba bá lọ, tí wọ́n fi epo tan ẹ̀rọ, iye kẹ́ẹ̀gì yóò gbéra ní ọjọ́ náà gan-an. Ohun tí a kò lè fi owó ṣírò ni àkókò. Láti nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí ni àwọn ọmọdé ti ń tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìmọ̀ràn tí ó kún orí rédíò ni pé kí á máa se omi kí á tó mu ún, kí á sì máa fọ ọwọ́ nígbà gbogbo. Ìmọ̀ràn rere ni. Ẹni tí ó ra omi náà ni yóò tún ra kẹrosíìnì tí yóò fi sè é.

Ilé

Irú ilé tí ó wọ́pọ̀ ní apá òkè Ìwáyà ni èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí féèsì-mí-àì-féèsì-yú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní àárín, yàrá ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kan ní ẹ̀yìn fún gbogbo ènìyàn. Yàrá mẹ́wàá ni ó wà nínú tiwa.

Òfin wà lórí ilé yíyá. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn àdúgbò bíi Ìwáyà ni ó wà fún. Kí ẹni tí ó bá ti wá yàrá ní agbègbè yìí láìpẹ́ sọ fún wa iye ọdún tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fi owó alágbàtà àti owó àgíríméǹtì kún un. Ẹni tí ó ń gba owó lójoojúmọ́ ni a ń ní kí ó san owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ, èsúsú àti gbèsè ni ó ń ti ibẹ̀ wá, bí ó bá sì fi máa san gbèsè náà tán, ọdún yóò ti yípo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni a fẹ́ sọ níbí. Ní èdè wa, ilé kì í ṣe ògiri àti òrùlé. A ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tí ó dojú kọ ayálégbé ni pé ilé wo ni yóò wò? A bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ìyá ọmọ wá láti Èkìtì, bàbá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, àwọn ẹbí kò lè wá nítorí ọ̀nà. Bàbá kan tí ń gbé yàrá kẹta ni ó gbé ọmọ lé ọwọ́, tí ó fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, tí ó ṣe bàbá fún gbogbo wa ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí kò sunkún díẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń pé ọmọ ọdún kan ni onílé fi kún owó ilé, bàbá yàrá kẹta kó lọ, a gbọ́ pé apá Ìkòròdú ni ó lọ; nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó béèrè ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ibi tí wọn yóò nà án sí.

Èyí ni a rò pé àwọn tí ń sọ pé ará Èkó kò láàánú kò kíyè sí. Àánú wà. Aládùúgbò ń gbé ara wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní òru, wọ́n ń yá ara wọn ní iyọ̀, wọ́n ń bá ara wọn na ọmọ. Ìdè náà ń so dáadáa, ohun tí a so ó mọ́ ni ó ń yẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tí ó ti gbé Ìwáyà fún ọgbọ̀n ọdún ṣe máa ń sọ nígbà ọdún pé òun ń lọ sílé, tí yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlàjẹ tàbí Àgbádárìgì tàbí Ọ̀ṣun. Àwa náà kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ títí tí a fi gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀ kan lórí Afárá Third Mainland, bí a ti ń kọjá ní ẹ̀bá àwọn ilé orí òpó, pé kí ìjọba lé gbogbo wọn padà sí ilé wọn. Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ tí ènìyàn ń sọ nípa ìlú bàbá rẹ̀ ti di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ìwé ìjọba

Lílé tí ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn sọ kì í ṣe àlá. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Ní 1955, Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí lórí wọn, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, àyè sì wà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ọkọ̀ wíwọ̀ jẹ owó wọn, àwọn ẹbí tí ó ń wo ara wọn lójoojúmọ́ túká. Ẹ kíyè sí i pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò. Ọmọ Èkó ni púpọ̀ nínú wọn, inú agboolé ni wọ́n sì ti kúrò.

Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki fún Màrókò ní ọjọ́ 7. Iye àwọn tí ilé wó lé lórí ni a sábà máa ń kà sí 300,000. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Third Mainland parí, èyí tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n fún apá kan etí omi Mákòkó, tí ó bá Ìwáyà pààlà, ní wákàtí 72. Wọ́n gé òpó ilé, wọ́n dáná sun àwọn ilé kan, ìbọn ọlọ́pàá sì pa olóyè kan níbẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Apá tí ó kan Ìwáyà jù lọ kì í ṣe ti ìwólé, ti àtúnṣe ni. Ní 2006, Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé yá Èkó ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Àwọn àdúgbò 9 tí wọ́n fẹ́ tún ṣe nínú ètò náà ní Ìwáyà, Mákòkó àti Bádíà nínú. Wọ́n fẹ́ ṣe ojú ọ̀nà, gọ́tà, omi àti ilé ìwé. Ní oṣù kejì ọdún 2013, nígbà tí ètò yìí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ wó apá ìlà-oòrùn Bádíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sùn síta. Ìwé kan náà tí a kọ orúkọ Bádíà sí fún ìrànlọ́wọ́ ni a kọ orúkọ Ìwáyà sí. Ní 2014, ètò àtúnṣe mìíràn wà lórí ìwé fún etí omi Mákòkó àti Ìwáyà, àwọn ará àdúgbò sì kópa nínú kíkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bádíà kò ní bá ẹni tí ó ń bẹ̀rù irú ìwé bẹ́ẹ̀ wí. Lójú rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàrin òṣìṣẹ́ tí ó wá wọn ilẹ̀ fún gọ́tà àti èyí tí ó wá kọ àmì pupa sí ara ilé.

A béèrè lọ́wọ́ àwọn kan ní etí omi ìdí tí wọn kò fi kúrò. Ìdáhùn wọn kò ní ìjìnlẹ̀ kankan: ẹja wà níbí, ọjà Aṣéjẹrẹ́ wà nítòsí, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìyá kan tí ń yan ẹja ń tún ògiri ilé rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ tí a lọ. A rí i pé kò kan àwọn ìṣó náà wọlé tán. Ó fi orí wọn sílẹ̀ níta díẹ̀. A rò pé agbára rẹ̀ ni kò gbé e, a sì ní kí ó jẹ́ kí a bá a kàn án. Ó ní ká má ṣe dà á láàmú, pé bí a bá kan ìṣó wọlé tán, pákó máa ń ya nígbà tí a bá ń yára tú u, èyí tí òun ní tẹ́lẹ̀ sì ti ya bẹ́ẹ̀.